Àwòfín ni mo fara mọ́, kì í ṣe àríwísí: ọ̀rọ̀ lórí fọ́tò ògiri Mpape

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ará. Láti ìgbà tí àbúrò wa tó ń gbé Kubwa ti fi fọ́tò ògiri tó yà ní Mpape, ní Abuja, hàn wá, tó ní ká bá òun ṣe "kírítíìkì" ẹ̀, ìyẹn ká wò ó dáadáa ká sọ ohun tá a rí sí i, ni mo ti ń ka ohun tí kálukú ń kọ, ọ̀rọ̀ náà sì ti di méjì báyìí, kí la fẹ́ máa pe kírítíìkì lédè wa, kí la sì fẹ́ máa pe gràfítì fúnra ẹ̀, ìyẹn ohun tí àwọn èèyàn ń kọ sára ògiri. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Kaduna ní "àríwísí" ti wà nílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ da ara ẹ̀ láàmú. Ọ̀gá wa tó ń kọ́ni ní Zaria ní "lámèyítọ́" ni. Ẹnì kan tún ní gràfítì ò ju "ìbògirijẹ́" lọ. Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo yín, ṣùgbọ́n mi ò rò pé ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè ṣe iṣẹ́ tí a fẹ́ kó ṣe, ẹ jẹ́ n sọ ìdí ẹ̀.

Fún ẹni tí ò tíì rí fọ́tò náà, ògiri fẹ́ńsì kan ni, wọ́n ti kun ún ní funfun nígbà kan rí. Wọ́n kọ POST NO BILL sí i lókè, abẹ́ ẹ̀ gan-an sì ni wọ́n lẹ pósítà ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, ẹnì kan ti ya á kúrò, ó ku etí ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan wá fi pẹ́ńtì inú agolo, èyí tí wọ́n ń fọ́n, kọ lẹ́tà ńláńlá aláwọ̀ búlúù àti yẹ́lò lé e, lẹ́tà tó wú bí búrẹ́dì, tó jẹ́ pé ó dìgbà tí èèyàn bá dúró dáadáa kó tó mọ ohun tí wọ́n kọ. Nọ́ńbà fóònù ẹni tó ń gbẹ́ bóhóòlù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Lápá ọ̀tún, X pupa ńlá, wọ́n kọ REMOVE sábẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú déètì. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ọwọ́ ọmọdé lè dé, ẹnì kan fi ṣọ́ọ̀kì kọ "Allah ya kiyaye", pé kí Ọlọ́run máa ṣọ́ wa.

Ẹ jẹ́ ká mú àríwísí kọ́kọ́. Tí ẹ bá tú u, kò burú, ohun tí a rí tí a sì wí sí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó lórí rédíò, ẹgbẹ́ alátakò ṣe àríwísí sí ìjọba, ẹ̀bi ni wọ́n ń kà síra wọn lọ́rùn níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ àríwísí tó ń retí pé wọ́n máa sọ ohun tó dáa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín wa náà nìyẹn. Bí a ṣe pè é ní àríwísí báyìí ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá àléébù kiri, ẹnì kan ní fọ́tò náà rí játijàti, kò sọ ibi tó ti rí bẹ́ẹ̀, òmíràn ní ògiri onídọ̀tí ni, kí ló ń yà á fún, àbúrò wa náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́, oòrùn mú, fóònù òun ti gbó, àwọn èèyàn ń kọjá, àfi bíi pé wọ́n gbé e lọ sí kóòtù. Orúkọ tí a fún iṣẹ́ náà ló kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa ṣe é, ó sì dùn mí, torí ọmọ yẹn lójú, ẹ wo bó ṣe rí ọ̀rọ̀ inú ṣọ́ọ̀kì yẹn nígbà tí gbogbo wa ń wo lẹ́tà ńlá.

Ti lámèyítọ́, mi ò ní nǹkan kan lòdì sí i. Ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín àwọn tó ń kọ́ lítíréṣọ̀ ní yunifásítì, mo sì ka irú iṣẹ́ yẹn sí gan-an. Ìdìpọ̀ kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá, ìwé tó kó àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣàlàyé èdè àti lítíréṣọ̀ jọ, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ẹ̀ ní 1984 àti ìkejì tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe ní 1990 ló jẹ́ ká lè jókòó máa fi Yorùbá jiyàn nípa Yorùbá báyìí. Ṣùgbọ́n ìgbàkigbà tí mo bá gbọ́ lámèyítọ́, "èyí tó tọ́" ni etí mi ń gbọ́ nínú ẹ̀, fọ́tò kì í sì í sábà ní èyí tó tọ́. Ẹnì kan sọ fún àbúrò wa pé kó yọ kẹ̀kẹ́ NAPEP tó wà ní igun kúrò torí ó ń fa ojú, ẹlòmíì ní kẹ̀kẹ́ yẹn ló jẹ́ kóun mọ̀ pé àdúgbò tí èèyàn ń gbé ni. Èwo ló tọ́ níbẹ̀? Méjèèjì wo fọ́tò náà dáadáa, méjèèjì sọ ohun tí ojú wọn rí, ẹni tó yà á ló máa mú èyí tó bá ohun tó ní lọ́kàn mu.

Àwòfín ni mo fẹ́ ká gbé yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ti ń sọ ni, "tí o bá wò ó fín", kò sí ìyá tí ò ní gbọ́ ọ. Kò sọ pé ó dáa, kò sọ pé kò dáa, iṣẹ́ ojú ló pè é, wíwò tí èèyàn ò kánjú. (Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé fín ti igbá fínfín ni o, lójú tèmi ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n, ohùn wọn ló bára mu.) Ẹ̀gbọ́n Kaduna ti ní àwòfín ń rùn ìfura, pé "kí ló dé tó o ń wò mí láwòfín" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èèyàn nìyẹn, èèyàn lè ní òun ò fẹ́ kí wọ́n wo òun. Àwòrán ò lè sọ bẹ́ẹ̀, torí kí wọ́n lè wò ó ni wọ́n ṣe yà á, wíwò ti wà nínú orúkọ ẹ̀ látilẹ̀.

Ìbéèrè ọ̀gá Zaria ló le jù, wọ́n ní àwòfín sọ wíwò, kò sọ sísọ, ẹni tó wò tí ò sọ ò tíì ṣe kírítíìkì. Ẹ ṣeun sà, mo rò ó dáadáa. Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe é lọ́sibítù, àyẹ̀wò ni dókítà ń ṣe, èsì àyẹ̀wò ni wọ́n ń fún èèyàn. Kí àwa náà máa ṣe àwòfín, ká sì máa fúnni ní èsì àwòfín. Èyí tún wá yanjú ọ̀rọ̀ ẹni tó ń gbà á, torí Yorùbá mọ bí wọ́n ṣe ń gba èsì, o gbà á, o kà á, o mú èyí tó wúlò fún ẹ, kò pọn dandan kó o fèsì sí èsì. Àríwísí ò ṣe é gbà bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá wí sí ẹ, o gbọ́dọ̀ wí padà ni. Ẹni tó ń yẹ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́, àwa tá a wà lẹ́yìn la máa rí i, ká sì sọ ibi tó ti wọ́ gan-an, kì í ṣe ká kàn máa pariwo pé ọ̀nà yìí ò dáa.

Ó wá ku gràfítì. Ẹni tó mú ìbògirijẹ́ wá, mo ní kí ẹ padà lọ wo X yẹn. Ẹni tó bá gbé Abuja nígbà tí El-Rufai ṣe mínísítà ibẹ̀, 2003 sí 2007, tí wọ́n ń wó ilé torí mástà pílàànù, ìyẹn ètò bí ìlú ṣe gbọ́dọ̀ rí, á mọ ohun tí X pupa lára ògiri ń sọ, pé wọ́n máa wó o ni. Onílé ò ní kí wọ́n kọ ọ́, bó ṣe jẹ́ pé kò ní kí àwọn ọ̀dọ́ yẹn wá fọ́n pẹ́ńtì, kò sì ní kí onígbẹ́ bóhóòlù wá kọ nọ́ńbà. Tá a bá ní ti ọ̀dọ́ ni ìbàjẹ́, kí la máa pe ti ìjọba, èyí tó jẹ́ pé ògiri náà gan-an ló máa wó? Kí orúkọ má dá ẹjọ́ kó tó gbọ́ ẹjọ́. Àkọsógiri ni mo fara mọ́, ó bá àkọsílẹ̀ mu, ó gba gbogbo wọn, X, nọ́ńbà, lẹ́tà, ṣọ́ọ̀kì. Lédè àwọn ará Ítálì tí wọ́n ti mú gràfítì wá, inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kéèyàn họ nǹkan ló ti jáde, kọ tiwa náà ò sì jìnnà síbẹ̀, olóòlà ń kọlà, àgbẹ̀ ń kọ ebè, akọ̀wé ń kọ̀wé, nǹkan kan ń wọ ara nǹkan ni.

Àwọn tó sì ń sọ pé kíkun ògiri kì í ṣe àṣà wa, ẹ jọ̀ọ́, àwọn obìnrin ló ń kun ara ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè ní Ilé-Ifẹ̀. Níbí lókè ọya náà, ẹ wo iwájú àwọn ilé àtijọ́ ní Kano àti Zaria, ọnà ló wà lára wọn. Iṣẹ́ àṣẹ ni àwọn yẹn o, onílé tàbí òrìṣà ló ní kí wọ́n ṣe é, ibẹ̀ ni wọ́n ti yàtọ̀ sí àkọsógiri.

Nǹkan kan ṣì wà tí ó ń dà wá láàmú, ọ̀rọ̀ yòówù ká mú. Iṣẹ́ ta là ń wò? Ẹ rántí J.D. 'Okhai Ojeikere, ayafọ́tò ọmọ Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò irun dídì ní 1968. Onídìrí ló di ṣùkú, kì í ṣe Ojeikere, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn orí ló dúró sí, ó mú gbogbo nǹkan tó lè fa ojú kúrò lẹ́yìn ẹ̀, ó yà á ní dúdú àti funfun kí ìlà irun lè hàn, ìyẹn ni iṣẹ́ tiẹ̀. Brassaï, ayafọ́tò kan ní Paris, náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún ara ògiri ìlú yẹn, wọ́n sì pàtẹ àwọn fọ́tò náà ní MoMA, mùsíọ́mù iṣẹ́ ọnà ní New York, ní 1956, kò sẹ́ni tó ní òun ló họ ògiri. Ẹni tó bá ń fún àbúrò wa lésì, kó sọ ohun tí àbúrò wa ṣe, ibi tó dúró sí, ìgbà tó lọ, ohun tó fi sílẹ̀. Pé o kórìíra lẹ́tà búlúù, àwọn ọmọ Mpape lo máa lọ sọ ìyẹn fún.

Àbúrò mi, èsì àwòfín tèmi rèé. Ẹ̀yìn ẹ ni oòrùn ti ń tàn bọ̀ sára ògiri tààrà nígbà tó o yà á, ìyẹn ló jẹ́ kí ògiri tẹ́ pẹrẹsẹ tí èèyàn ò rí ojú símẹ́ńtì tó sán, tí oòrùn bá ń ti ẹ̀gbẹ́ wá, gbogbo ibi tí wọ́n họ á yọ síta. Apá òsì lo dúró sí, ògiri wá ń sá lọ, X sì kéré, ó kù díẹ̀ kó jáde nínú fọ́tò, o sì ti gé orí lẹ́tà méjì àkọ́kọ́. Dojú kọ ọ́ gan-an, kó o sì fẹsẹ̀ rìn sún mọ́ ọn, má fi ìka fẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. Ògiri funfun máa ń tan kámẹ́rà jẹ, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á mú un ṣókùnkùn, ìdí nìyẹn tí X pupa fi rí bíi ti ìpẹtà, fọwọ́ tẹ ojú fóònù kó o fa ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ sókè díẹ̀. Òjìji ewé dóńgóyárò tó bọ́ sórí REMOVE dáa gan-an, mi ò mọ̀ bóyá o mọ̀ ọ́n ṣe, má jẹ́ kó sọ nù. Kẹ̀kẹ́ NAPEP, tèmi ni pé kó wà. Ṣọ́ọ̀kì yẹn sì ni kó o ya lọ́tọ̀, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú ẹ bá a dọ́gba, kó o sì tètè padà lọ torí déètì tó wà lábẹ́ X ò jìnnà mọ́.