Mo fẹ́ fi ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdókòwò, àwọn ará ilé mi ò jẹ́ kí n sinmi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Aránṣọ Agége:
Ẹ kú ojúmọ́ o gbogbo ilé. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn, inú ló ń bí mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ pé mi ò lè fi gbogbo ayé mi jókòó ti máṣíìnì, ó yẹ kí n ní nǹkan tí á máa pawó wọlé bí mi ò tiẹ̀ jáde nílé, ni mo bá rí ilẹ̀ kan ní Ìfọ̀, pulọ́ọ̀tì kan, mo ní kí n kọ́ ṣọ́ọ̀bù síwájú, kí n kọ́ rúùmù àti pálọ̀ méjì sẹ́yìn fún rẹ́ǹtì. Àbúrò mi ọkùnrin tó jẹ́ lọ́ọ̀yà, tó jẹ́ pé aṣọ tí mo rán ni mo fi san owó ilé ìwé ẹ̀ o, ó ní kí n má fọwọ́ kàn án. Ṣé bó ṣe yẹ kó sọ ọ́ ló wá sọ ọ́? Níwájú ìyàwó ẹ̀ ni, bí ẹni ń bá ọmọdé wí! Ọkọ mi ní tiẹ̀, tí mo bá bi í, á ní "ohun tó bá ti tẹ́ ẹ lọ́rùn." Ìyá ọkọ mi wá ń bi mí pé irú obìnrin wo ló ń dá ra ilẹ̀. Éjẹ́ǹtì tó mú mi lọ, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, òun ló tiẹ̀ ń san owó mọ́tò wa. Àwọn ọmọ onílẹ̀ gan-an gbé àga fún mi, wọ́n bu omi tútù fún mi. Báwo ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ṣe ń ṣe é tí ẹbí ò fi ní pa á? Àbí wọ́n ń jowú mi ni?

Bàbá Ìdòwú:
Ẹ kú ìdààmú mà. Ẹ ti sọ ti àbúrò, ẹ ti sọ ti ìyá ọkọ, ẹ sọ ti omi tútù, ẹ ò tíì sọ ti ilẹ̀. Èló ni? Ta ló ń tà á, ẹbí ni àbí ẹnì kan? Ìwé wo ló ní?

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́:
Owú ni o jàre! Nígbà tí mo ra tèmi ní Àtàn, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní mo fẹ́ kó lọ sílé ara mi ni. Lónìí ta ló ń gbé inú bọ́ìsì kọ́tà mi? Òun ni. Kì í san rẹ́ǹtì, kò sì ṣeé lé, tí iná bá tán nínú mítà á tún wá kan ilẹ̀kùn mi. Ẹ ra ilẹ̀ yín.

Ọmọ Ìkòròdú:
Ẹ bi wọ́n pé ẹsẹ̀ mélòó ni pulọ́ọ̀tì yẹn o. 60 sí 120 ni pulọ́ọ̀tì tí gbogbo wa mọ̀, àwọn éjẹ́ǹtì ayé ìsinsìnyí á wọn 50 sí 100 fún èèyàn, wọ́n á ní pulọ́ọ̀tì ni.

Fìlà Gọ̀bì:
Irọ́, 50 sí 100 náà pulọ́ọ̀tì ni. Ó kàn jẹ́ pé ó kéré.

Ọmọ Ìkòròdú:
Tó bá kéré, kí wọ́n dín owó ẹ̀ kù nìyẹn, àbí kí lò ń sọ?

Aránṣọ Agége:
Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, Ọlọ́run á bùkún yín mà, ẹ̀yin nìkan lọ̀rọ̀ mi yé. Ìwé wà o. Wọ́n fún mi ní rìsíìtì ẹbí, sítáǹbù wà lórí ẹ̀, fọ́tò èmi àti bàbá tó gba owó náà sì wà lára ẹ̀. Ti survey, ìyẹn ìwé ìwọ̀n ilẹ̀, wọ́n ní tí mo bá sanwó tán wọ́n á bá mi ṣe é.

Awọnlẹ̀:
Mà, iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni mò ń ṣe, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Rìsíìtì kàn ń fi hàn pé ẹ sanwó fún ẹnì kan ni, kò sọ pé ẹni náà nilẹ̀. Kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ kún un, ẹ mú surveyor tó níwèé àṣẹ, tí ẹ fúnra yín wá, kì í ṣe ti éjẹ́ǹtì, kó lọ gba coordinate ilẹ̀ yẹn lójú ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi ibi tí ilẹ̀ wà gan-an hàn, ká gbé e lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General, ọ̀gá awọnlẹ̀ ìjọba, ní Abẹ́òkúta, wọ́n á ṣe charting ẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n á fi wé máàpù ìjọba. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Òfin ilẹ̀ ti 1978 ti fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà, nítorí náà tó bá bọ́ sínú acquisition, ìyẹn ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà, tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún títì tàbí nǹkan míì, kò sí rìsíìtì ẹbí tó lè gbà yín. Owó charting ò tó nǹkan kan lára owó ilẹ̀.

Fìlà Gọ̀bì:
Kí ni gbogbo wàhálà yìí fún? Ẹ ra ilé àtijọ́ tí tẹ́náǹtì ti wà nínú ẹ̀, ilé onírúùmù-kọjú-sí-rúùmù, oṣù tí ẹ rà á lẹ ti ń gba rẹ́ǹtì. Ilẹ̀ kì í bí owó. Ẹ ṣì máa san owó ìpìlẹ̀, ẹ máa san owó dẹ́kìn, tí ẹ bá fẹ́ kan pákó òrùlé àwọn ọmọ onílẹ̀ á tún dé.

Bàbá Ìdòwú:
Òfin ajagungbalẹ̀ ti wà láti 2016, l'Ékòó àti l'Ógùn, kò yẹ kí wọ́n máa gba ìyẹn mọ́.

Fìlà Gọ̀bì:
Ẹ lọ ka òfin yẹn fún àwọn tó gbé àdá dání.

Aránṣọ Agége:
Mi ò lówó ilé o. Ilẹ̀ yìí gan-an, ₦4.5m ni, mo ti san ₦2m, wọ́n ní kí n mú ìyókù wá lọ́jọ́ Jímọ̀, torí ọ̀gá kan láti Ìkẹjà fẹ́ san án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Awọnlẹ̀:
Háà! Ẹ ò tíì san tán? Mà, ẹ má san kọ́bọ̀!

Ọmọ Ìkòròdú:
Gbogbo ilẹ̀ ló ní ọ̀gá Ìkẹjà tiẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ará London ni.

Bàbá Ìdòwú:
Bàbá tí ẹ jọ ya fọ́tò yẹn, ṣé òun ni olórí ẹbí?

Aránṣọ Agége:
Rárá, ọmọ ìyàwó kejì ni, ṣùgbọ́n òun ló dàgbà jù níbẹ̀. Wọ́n ní olórí ẹbí ń bínú torí ẹjọ́ kan tó wà láàárín wọn ní kóòtù, pé ọ̀rọ̀ ilé ni, wọ́n á yanjú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má pariwo lé mi lórí, ẹni tó mú mi lọ ò lè tàn mí.

Ìyáàfin Lọ́ọ̀yà:
Mi ò fẹ́ dá sí i tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ ẹbí tí olórí ẹbí ò bá sí nínú títà ẹ̀, òfo ni títà náà lójú òfin. Tó bá jẹ́ pé olórí ẹbí ló dá tà á láìsọ fún àwọn olórí ojúlé, ìyẹn ṣì lè dúró títí wọ́n á fi pẹjọ́ kí wọ́n tó fagi lé e, ṣùgbọ́n tiyín yìí kò tiẹ̀ dé ibẹ̀. Pẹ̀lú ẹjọ́ tó wà ní kóòtù, ẹjọ́ lẹ fẹ́ fi ₦4.5m rà. Kí ni àbúrò yín sọ gan-an?

Aránṣọ Agége:
Ohun tí ẹ sọ yìí náà ló sọ, ṣùgbọ́n ohùn tó fi sọ ọ́!
Ó rọrùn fún gbogbo yín láti ní kí n má san. Kì í ṣe owó mi nìkan. Obìnrin mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ wa ló dá owó sí i, mo ti sọ fún wọn pé tí ṣọ́ọ̀bù bá ti dúró, a ó jọ máa pín rẹ́ǹtì. ₦700,000 ni tèmi nínú ₦2m yẹn. Èyí tó wà nílẹ̀ fún ọjọ́ Jímọ̀, tiwọn ni gbogbo ẹ̀.

Bàbá Ìdòwú:
Àwọn yẹn mọ̀ pé ẹjọ́ wà ní kóòtù?

Ọmọ Ìkòròdú:
Ẹ̀yin náà ti di éjẹ́ǹtì nìyẹn o, ìyáàfin.

Aránṣọ Agége:
Ẹ má pè mí ní éjẹ́ǹtì. Mi ò gba kọ́míṣọ̀n lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìyáàfin Lọ́ọ̀yà:
Orúkọ ta ló wà lórí rìsíìtì?

Aránṣọ Agége:
Orúkọ mi ni. Ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, wọ́n ní tí orúkọ bá pọ̀ jù ìwé ò ní dáa.

Ìyáàfin Lọ́ọ̀yà:
Ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ti máa wá béèrè owó wọn nìyẹn, wọn ò mọ éjẹ́ǹtì rí. Ẹ pè wọ́n lálẹ́ òní, ẹ sọ ti ẹjọ́ yẹn fún wọn, kí ẹ dá owó tó wà lọ́wọ́ yín padà fún wọn kó tó di Jímọ̀. ₦2m tó ti jáde, ẹ jẹ́ kí lọ́ọ̀yà kọ lẹ́tà sí àwọn tó gbà á. Àbúrò yín wà nílé, ọ̀fẹ́ ló máa ṣe é.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́:
Èmi ṣì ní kó rà á o. Tèmi náà, wọ́n ní ẹjọ́ wà níbẹ̀.

Awọnlẹ̀:
Mà, ẹ jọ̀ọ́!

Aránṣọ Agége:
Màá pe àwọn obìnrin yẹn. Ṣùgbọ́n mi ò ní pe àbúrò mi. Ẹni tó bá mọ lọ́ọ̀yà míì ní agbègbè Agége, kó fi nọ́ńbà ẹ̀ ránṣẹ́ sí ínbọ́ọ̀sì mi.