Ìlà kan nínú kọ̀ǹpútà ló dá mi dúró ní káńtà. Ẹ wá sọ tiyín

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé màá kọ ọ̀rọ̀ yìí, iṣẹ́ ni kò jẹ́. Tí irú ẹ̀ bá ti ṣe yín rí, ẹ fi tiyín sísàlẹ̀.

Ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú European Union ni ọkọ mi. Èmi kì í ṣe ọmọ ibẹ̀, káàdì ìgbélùú ni mò ń lò. Tèmi ti di ti gbére, èyí tí wọ́n máa ń fún ìyàwó tàbí ọkọ tó bá ti bá ẹnì kejì rẹ̀ gbé níbẹ̀ fún ọdún 5. Nínú òfin wọn tó ń jẹ́ Directive 2004/38, Article 20 (ìyẹn abala 20) ló dá káàdì yìí sílẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń fúnni wà ní Article 10. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé nọ́ńbà méjèèjì yẹn, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti wá.

Ọkọ mi ti ṣáájú lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn nínú Union yẹn, mo fẹ́ lọ bá a. Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà iléeṣẹ́ bàálù ní pápákọ̀ òfurufú gba pásípọ́ọ̀tù mi, ó gba káàdì, ó yí káàdì náà síwájú, ó yí i sẹ́yìn. Ó tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà, ó tún un tẹ̀. Ó wá ní, "Mà, físà yín dà?" Mo ní káàdì tó wà lọ́wọ́ yín yẹn náà ni físà mi. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ mi kí n fojú ara mi rí i. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ẹni tó bá ní káàdì ti Article 10 kò nílò físà. Ó parí síbẹ̀. Kò sí 20 níbì kankan. Àbí ẹ ò rí nǹkan? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè kọjá, ẹni tó ti gbé ibẹ̀ di gbére kò lè kọjá!

Kò yájú sí mi o, mi ò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ ọn. Ó pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá wò ó, ó ní, "Mà, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ jàre, àmọ́ ohun tí mo bá rí níbí ni mo máa ṣe." Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n ya fọ́tò ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n gbà. Bàálù gbéra, èmi àti ẹrù mi wà nílẹ̀.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ sí àwọn tó ni àkójọ òfin ìwọlé tí àwọn òṣìṣẹ́ bàálù ń wò lójú kọ̀ǹpútà yẹn, arò gbáà ni. Mo ro bí mo ṣe jí ní aago mẹ́ta òru, mo ro owó tíkẹ́ẹ̀tì, mo ro bí ojú ṣe tì mí lójú èrò. Wọ́n bá mi kẹ́dùn, wọ́n ní kí n kàn sí ẹ́ńbásì. Ẹ́ńbásì ní kí n kàn sí iléeṣẹ́ bàálù. Iléeṣẹ́ bàálù ní ibi tí àwọn ti ń rí òfin kà ni kí n lọ. Wọ́n sọ mí di bọ́ọ̀lù ẹsẹ̀. Ó tó oṣù méjì tí a fi wà lẹ́nu ẹ̀.

Ìgbà tó sú mi ni mo tó jókòó tún lẹ́tà náà kọ. Kò ju ìlà méje lọ. Mo kọ ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà bó ṣe wà gẹ́lẹ́, mo fi fọ́tò tì í. Mo kọ bó ṣe yẹ kó kà. Mo wá fi ẹ̀rí lé e: ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ European Union ti 18 June 2020, ẹjọ́ C-754/18. Ọmọ Ukraine kan ló wọ bàálù láti London lọ sí Budapest ní October 2017, irú káàdì gbére yìí ló mú lọ́wọ́, ọlọ́pàá ibẹ̀ ní kò tó, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé iléeṣẹ́ bàálù tó gbé e. Ilé-ẹjọ́ ní ó tó, pé káàdì Article 20 náà ń yọni kúrò nínú físà. Mi ò dárúkọ aago mẹ́ta òru mọ́.

Mo tún ṣe nǹkan kan. Mo fi ẹ́ńbásì sílẹ̀, mo kọ̀wé tààrà sí iléeṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n orílẹ̀-èdè tí mò ń lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi wọ́n, èyí tí bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá tó fún: ṣé ẹni tó ní káàdì Article 20, tó ń lọ bá ọkọ rẹ̀, nílò físà láti wọlé sọ́dọ̀ yín? Gbólóhùn méjì ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Àkọ́kọ́ ni "rárá". Mo fi ímeèlì náà ránṣẹ́ sí àwọn alákòójọ bó ṣe dé. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, wọ́n kọ̀wé sí mi pé àwọn ti tún ìlà náà ṣe. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo rí i: "Article 10 tàbí Article 20". Ọ̀rọ̀ méjì àti nọ́ńbà kan!

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú. Mo wà lára àwọn tẹ́ ẹ̀ ń bínú sí yẹn, ẹ̀yìn káńtà ni mo ti ń jẹun. Àwa kọ́ la ṣòfin ìwọlé, a kì í sì í há a sórí. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ bàálù ń wo Timatic, àkójọ òfin ìwọlé tí IATA, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ bàálù lágbàáyé, ń bójú tó, ọ̀dọ̀ àwọn ìjọba ni ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ sì ti ń wá. Tí a bá gbé ẹni tí kò lè wọlé, àwa la máa gbé e padà, wọ́n sì lè bu owó lé wa. Ní UK, òfin 1999 gbé e kalẹ̀ pé iléeṣẹ́ lè san 2,000 pọ́n-ún lórí èèyàn kan ṣoṣo. Ta ló fẹ́ fi iṣẹ́ ẹ̀ ta tẹ́tẹ́?

Àmọ́ nígbà mìíràn, àṣìṣe ò sí nínú àkójọ rárá, ọwọ́ wa ló ṣì. A ní láti tẹ orílẹ̀-èdè ẹni, irú ìwé tó mú lọ́wọ́, ibi tó ń gbé, ibi tó ń lọ, ibi tó ti máa yà. Ọkùnrin kan wá lọ́jọ́ kan, ìwé ìrìnnà àwọn tó sá àsálà ló ní. Lára ìlà ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀ ojú ewé fọ́tò, XXB ni wọ́n kọ síbi orílẹ̀-èdè, àmì tí gbogbo ayé ń lò fún ẹni tí àdéhùn 1951 dáàbò bò. Ẹnì kejì mi tẹ ìlú tí wọ́n ti bí i, ó yan pásípọ́ọ̀tù lásán. Kọ̀ǹpútà ní físà dandan. Mo ní kó tún un tẹ̀, kó yan ìwé asásàálà. Ló bá di pé kò nílò físà, torí àdéhùn kan wà láti 1959 láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kan lórí ẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí baba náà padà sílé. Torí náà, kí ẹ tó kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni, ẹ rọra béèrè lọ́wọ́ wa pé, "Irú ìwé wo lẹ yàn?" A kì í bínú sí i. Ó dáa, àwọn kan ń bínú.

*

Tèmi ò gùn. Pásípọ́ọ̀tù UK àtijọ́ ni, àwọn tí wọ́n máa ń fi oṣù tó ṣẹ́ kù lórí ti tẹ́lẹ̀ kún, ó lè tó oṣù 9 lórí ọdún 10. Wọ́n jáwọ́ nínú ẹ̀ ní 2018. Òfin Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí kì í sábà yẹ ìwé wò ní ààlà àárín ara wọn, ní kí pásípọ́ọ̀tù má tíì pé ọdún 10 lọ́jọ́ tó o bá wọlé, kó sì ṣẹ́ ku oṣù 3 lẹ́yìn ọjọ́ tó o máa kúrò. Òfin méjì ni o, kálukú ń dá dúró. Àwọn tí mo bá ní káńtà lù wọ́n pọ̀, wọ́n ní oṣù 3 yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú ọdún 10. Mo fi àlàyé European Commission, ìgbìmọ̀ aláṣẹ European Union, hàn wọ́n lórí fóònù mi. Wọ́n ní fóònù mi kọ́ ni kọ̀ǹpútà àwọn.

*

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ṣé wọ́n dá owó yín padà?

*

Owó tíkẹ́ẹ̀tì ti dé, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ lẹ́tà. Owó gbà-má-bínú ló kù, 250 euro, gẹ́gẹ́ bí òfin European Union tó ń jẹ́ Regulation 261/2004 ṣe là á kalẹ̀ fún ìrìn tí kò ju kìlómítà 1,500 lọ. Wọ́n ní ìwé mi kò pé, àwọn ò jẹ mí ní nǹkan kan. Mo fi ẹjọ́ C-584/18 dá wọn lóhùn, níbi tí ilé-ẹjọ́ kan náà ti sọ ní April 2020 pé bí iléeṣẹ́ bàálù bá ní ìwé èèyàn kò pé, ìyẹn nìkan kò gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àná ni wọ́n fèsì. Wọ́n ní kí n fi fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà ọjọ́ náà ránṣẹ́. Orí ló ní kí n yà á.