Òkúta inú ọ̀nà òróòro: ṣé ká gba kámẹ́rà àlòdànù?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì ilé.

Houston la wà. Ìyá mi jẹ́ ẹni ọdún 68. Wọ́n ti yọ àpò òróòro wọn láti 2021, àfi bí ẹyinjú wọn ṣe di yẹ́lò lóṣù tó kọjá, tí ìtọ̀ wọn dúdú bíi tíì. MRI fi òkúta mílímítà 15 hàn nínú ọ̀nà òróòro. Wọ́n ṣe ERCP (wọ́n ki kámẹ́rà gba ọ̀fun dé ẹnu ọ̀nà òróòro láti yọ òkúta), òkúta ò jáde. Wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan síbẹ̀ kí òróòro lè máa ṣàn.

Wọ́n fẹ́ tún un ṣe, kí wọ́n fi laser fọ́ òkúta náà. Kámẹ́rà kékeré tó máa wọnú ọ̀nà òróòro, àlòdànù ni. Ti ńlá tó ń gba ọ̀fun wọlé ni wọ́n ní ká yàn: èyí tí wọ́n ń fọ̀, tàbí àlòdànù.

Mo ti kà pé irin kékeré tó ń gbé irinṣẹ́ sókè lẹ́nu kámẹ́rà ńlá tí wọ́n ń fọ̀ ṣòro fọ̀ mọ́, àti pé FDA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí oògùn àti irinṣẹ́ ìṣègùn, fọwọ́ sí kámẹ́rà ńlá àkọ́kọ́ tó jẹ́ àlòdànù lódindi ní December 2019. Mo bi dókítà, ó ní méjèèjì dára. (Ẹ wo ìdáhùn!) Màmá ní tiwọn ń bi mí pé, “Èyí tí wọ́n ti kì bọ ẹlòmíì lẹ́nu ni wọ́n fẹ́ kì bọ tèmi?”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi méjèèjì ṣiṣẹ́: fún òkúta ńlá tí wọ́n máa fọ́, ṣé àlòdànù ńlá yìí ń ṣe é dópin, àbí ẹ máa ń pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí wọ́n ń fọ̀ láàárín iṣẹ́?