Ẹ má tijú ní yàrá X-ray: ẹ wá sọ ìrírí yín

Láti Ìjẹ̀bú-Igbó:

Gaàrí ni mò ń tà. Àpò kan ni mo bá wọn sọ̀ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà tí ìbàdí mi fi dún kọ́ì, n kò lè nàró mọ́. Ìyá ọkọ mi fi òrí pa mí lẹ́yìn fún ọ̀sẹ̀ 2. Nígbà tí ẹsẹ̀ òsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú, dókítà ní kí n lọ ya X-ray.

Ìyá ọkọ mi ló sìn mí lọ. Èrò kún orí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òṣìṣẹ́ X-ray yọjú, ó sì béèrè sókè pé, "Mà, ìgbà wo lẹ rí nǹkan oṣù yín kẹ́yìn?" Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Ọdún kẹfà tí mo ti ń wojú Olúwa nìyẹn. Ìyá wa dákẹ́, wọ́n ń wo ilẹ̀. Mo ní, "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni." Irọ́ ni. Ó ti di ọjọ́ 9 tó ti yẹ kí n rí i, n kò kàn fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún bá mi ka ọjọ́ tí yóò já sí òfo.

Ìbéèrè yẹn tọ́. Ibi tí wọ́n ti bi mí ni kò tọ́. Inú yàrá, lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì, ló yẹ kí wọ́n ti bi obìnrin nírú rẹ̀.

Mo ti dùbúlẹ̀ sórí tábìlì, ó tutù rìnrìn mọ́ mi lẹ́yìn, kí ọkàn mi tó kọ̀ ọ́. Mo di òṣìṣẹ́ náà lọ́wọ́ mú: "Ẹ dákun sà, irọ́ ni mo pa." Kò bínú. Ó ti ẹ̀rọ sẹ́yìn, ó ní kí n lọ ṣàyẹ̀wò ìtọ̀ ní láàbù.

Oyún ni!

Dókítà ní ká dá X-ray náà dúró. Mo bi wọ́n pé, tí wọ́n bá ti yà á ńkọ́? Wọ́n ní ìtànṣán X-ray àyà tàbí ti ọwọ́, bín-ín-tín ló ń dé ilé ọmọ. Ti ìbàdí ló ń gba ibẹ̀ kọjá, síbẹ̀ òun náà kì í sábà pọ̀ tó èyí tí a mọ̀ pé ó ń ba ọmọ inú jẹ́. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ gbọ́ mi: ẹni tó bá yà á láìmọ̀ pé òun lóyún, ọ̀dọ̀ dókítà ni kó lọ, kó má sáré lọ ṣẹ́ oyún. Mo mọ ẹni tí ìbẹ̀rù yìí mú ṣẹ́ tirẹ̀. Ó ṣì ń sunkún.

Ìgbà tí mo bímọ tán ni mo tó padà lọ yà á. Mo bọ́ yẹtí, mo bọ́ ẹ̀gbà ọrùn, mo gbàgbé ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Òṣìṣẹ́ náà pè mí wá wo kọ̀ǹpútà: ìlẹ̀kẹ̀ dígí mi tò roboto, ó funfun báláú, ó sùn gẹ́lẹ́ lé eegun tí wọ́n ń wá. Ni wọ́n bá tún un yà. Ẹ tú ìlẹ̀kẹ̀ yín láti ilé.

Láti Sàgámù:

Ẹ kú oríire, ìyá ọmọ. Tèmi, ọ̀kadà ló gbé mi ṣubú lọ́nà Ìkẹ́nẹ́. Ọrùn ọwọ́ mi wú, fíìmù X-ray ò fi nǹkan kan hàn. Dókítà tẹ kòtò kékeré tó wà nídìí àtàǹpàkò, mo pariwo. Wọ́n ní eegun kan wà níbẹ̀ tó lè sán kí fíìmù má tètè rí i. Wọ́n fi POP, ìdì funfun líle tó ń mú eegun dúró, dì í, wọ́n ní kí n padà wá láàárín ọjọ́ 10 sí 14. Àwọn ará ilé ní kí n tú u, ṣebí X-ray ní kò sí nǹkan. N kò tú u. Lọ́jọ́ kejìlá tí wọ́n tún un yà, ìlà dúdú tín-ínrín kan la eegun náà láàárín.

Láti Ìjẹ̀bú-Òde:

Ẹ gba fíìmù yín, ẹ tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí bàbá mi ń wúkọ́, wọ́n rí àpá funfun kan lókè ẹ̀dọ̀fóró wọn, gbogbo wa gbọ̀n. Mo lọ tú fíìmù ọdún 8 sẹ́yìn jáde lábẹ́ àwọn aṣọ òkè wọn nínú àpótí. Àpá yẹn ti wà níbẹ̀, kò tóbi sí i, kò kéré sí i. Bàbá gba fíìmù méjèèjì, wọ́n gbé e sókè sí ojú fèrèsé, wọ́n ń wo àyà ara wọn.