Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń múra JAMB

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ rántí pé mo bèèrè lóṣù tó kọjá pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní SS3, tó máa ń ṣe ipò kejì ní kíláàsì, gba 148 nínú 400 nínú mọ́ọ̀kì JAMB (ìdánrawò fún ìdánwò àtiwọ yunifásítì), ṣé kó dúró di ọdún tó ń bọ̀ ni. Ó ti yanjú o!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká kọ́kọ́ wo ibi tí máàkì ń gbà lọ, ẹ ṣeun gan-an. Àṣé ọmọ mọ̀wé, kọ̀ǹpútà ni ò mọ̀ ọ́n tẹ̀. Ìbéèrè 180 láàárín wákàtí méjì, Gẹ̀ẹ́sì nìkan 60, òun wá jókòó ti Gẹ̀ẹ́sì yẹn títí àsìkò fi lọ, kò tiẹ̀ dé físíìsì rárá. A wá ń gbé e lọ sí sẹ́ńtà kọ̀ǹpútà kan ní Tánkè, n'Ílọrin, ní gbogbo Sátidé tó bá ti ilé kéú dé, mo ní kó máa fi màtí (ìṣirò) ṣíwájú, Gẹ̀ẹ́sì kẹ́yìn. Mọ́ọ̀kì tó ṣe kẹ́yìn, 231. Ẹ̀gbọ́n mi ń jó nínú kíṣìnnì (ẹni tí ò lè jẹun lọ́jọ́sí torí 148 yẹn o).

WAEC ṣì wà níwájú ṣá, torí láìsí kírẹ́díìtì márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì àti màtí wà níbẹ̀, máàkì JAMB ò gbé e wọ Unilorin. Èyí tó tún ń dùn mí ni pé kò mọ nóòtì kọ fúnra ẹ̀, ojú bọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń dà á kọ. A ti bẹ̀rẹ̀ ìyẹn náà.

Mo ti pa ọ̀rọ̀ yìí dé o.