Debian ń gan (freeze) lórí Asus T100TA àlòkù: ṣé ọ̀nà mìíràn wà yàtọ̀ sí max_cstate=1?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Linux dunjú, ẹ kú iṣẹ́ o. Atom Z3740, RAM 2 GB àti eMMC 32 GB ló wà nínú tábílẹ́ẹ̀tì yìí. Debian 12 (irú Linux kan) ni mo fi sí i, kernel (inú gbùngbùn Linux) rẹ̀ jẹ́ 6.1.

Bí Debian ṣe máa bẹ̀rẹ̀ (boot) lórí rẹ̀ ti yanjú. Ọpọlọ rẹ̀ (CPU) jẹ́ 64-bit, UEFI rẹ̀ (ètò tó ń tan ẹ̀rọ) jẹ́ 32-bit, nítorí náà bootia32.efi gbọ́dọ̀ wà lórí fílàṣì, grub-efi-ia32 (GRUB, ètò tó ń bẹ̀rẹ̀ Linux) lórí ẹ̀rọ. Wi-Fi náà ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí mo ṣe ẹ̀dà nvram (fáìlì ètò Wi-Fi) láti /sys/firmware/efi/efivars sí /lib/firmware/brcm, tí mo sọ ọ́ ní brcmfmac43241b4-sdio.txt.

Gígan ló kù. Ó máa ń gan lójijì, pàápàá tí fídíò bá ń lọ, journalctl (àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀rọ) kì í sì í sọ nǹkan kan. Àfi kéèyàn tẹ bọ́tìnì iná mọ́lẹ̀ títí yóò fi kú. Mo fi intel_idle.max_cstate=1 (tí kì í jẹ́ kí ọpọlọ ẹ̀rọ sùn jinlẹ̀) sí GRUB_CMDLINE_LINUX_DEFAULT, mo ṣe update-grub, gígan náà sì dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ọpọlọ ẹ̀rọ kì í lè sinmi dáadáa mọ́, bátìrì sì ń tètè tán. Fún ohun tí à ń gbé kiri lọ́wọ́, ìyẹn kò dára tó rárá.

Ta ló ti pa C6N àti C6S nìkan (àwọn ìpele oorun ọpọlọ ẹ̀rọ), tó fi ìpele C7 sílẹ̀, nínú /sys/devices/system/cpu/cpu*/cpuidle/state*/disable? Ṣé kò gan mọ́? Tí ẹ̀rọ bá tún tan, gbogbo rẹ̀ á padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi systemd service (fáìlì tó ń ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀ tí ẹ̀rọ bá tan) tí ẹ lò hàn mí, pẹ̀lú nọ́ńbà kernel yín.