Olówó tó ń bá kóòṣì pín àṣẹ ní yunifásítì Amẹ́ríkà: ta ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí?

Ìyá Démi, Dallas: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọmọ mi ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì ní yunifásítì kan níbí. Lóṣù tó kọjá, wọ́n lé kóòṣì tó mú un wọlé. Wọ́n ní bàbá olówó kan ló sọ pé òun ò ní dáwó mọ́ bí ọkùnrin náà bá ṣì wà níbẹ̀. Ẹ bá mi dá sí i.

Àkànbí: Mà, mo sáré fún ilé ìwé kan ní 2009. Yàrá ìmúra àwọn agbábọ́ọ̀lù, tẹlifíṣọ̀n níwájú ìjókòó kọ̀ọ̀kan. Àwa sárésáré, bàtà kan ṣoṣo fún gbogbo sáà. Síbẹ̀ wọ́n máa ń ní ká fọwọ́ kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí àwọn olówó. Ìyàwó ẹni tí mo kọ tèmi sí fèsì: ọkọ òun ò mọ̀ pé ilé ìwé náà ní sárésáré rárá.

Ṣadé: 😂😂😂

Túndé B: Bàtà kan! Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa pa mí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Àhesọ lásán. Kóòṣì tí ò bá borí, wọ́n á lé e. Texas A&M lé Jimbo Fisher ní 2023, owó tí wọ́n jẹ ẹ́ lórí àdéhùn tí ò tíì parí lé ní mílíọ̀nù 75 dọ́là.

Àkànbí: Ta ló wá ń san irú owó bẹ́ẹ̀? Tíṣà?

Ìyá Démi, Dallas: Ọ́fíìsì wọn gan-an ni ẹni tó sọ fún mi wà. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá Ìbejì: Ẹ má bú olówó jù. T. Boone Pickens, olówó epo, fún yunifásítì Oklahoma State ní mílíọ̀nù 165 dọ́là lẹ́ẹ̀kan náà fún eré ìdárayá. Ẹ̀yin tí ẹ ń náwó fún olórin ní òde ńkọ́?

Túndé B: Ẹni tó náwó fún olórin kì í ní kí wọ́n lé onígángan.

Ṣadé: Irọ́! O ò tíì bá olówó Ìjẹ̀bú ròde.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Kí ló kan Ìjẹ̀bú níbí?

Fọlákẹ́: Láti 2021 tí wọ́n ti gbà kí eléré máa fi orúkọ ara wọn pawó, àwọn olówó yìí ti ń dáwó jọ fún wọn. Àmọ́ físà F-1, ti akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìdíwọ̀n lórí iṣẹ́ owó, ni àbúrò mi fi wá láti Ìbàdàn. Lọ́yà ní kó má fọwọ́ kan kọ́bọ̀. Ẹni tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù ti ra jíìpù. Òun ló ń gbé àbúrò mi lọ sí kíláàsì.

Ìyá Démi, Dallas: Háà, Fọlákẹ́! Bá mi gba nọ́ńbà lọ́yà yẹn.

Ṣadé: Ọmọ Ìjẹ̀bú, mi ò tíì dá ọ lóhùn o.